Bí mo ṣe pín káàdì nẹ́tíwọ̀kì kan láàárín àwọn VM nínú sáfà kan l'Ádó-Èkìtì

Ibùdó ìdánwò orí kọ̀ǹpútà kan ní Ajílósùn, lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, ló gbé iṣẹ́ yìí fún mi. Sáfà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Proxmox, sọ́fítíwíà tó ń bójú tó VM, ló wà lórí rẹ̀, inú rẹ̀ sì ni gbogbo VM wọn (kọ̀ǹpútà aláfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi) ń gbé: ti ìdánwò, ti dátábéèsì, ti fáìlì àti ti ọ́fíìsì. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá jùmọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, ìbéèrè á máa fà kó tó jáde. Mo ṣí `top`, tó ń fi ohun tó ń lo CPU hàn, mo sì rí i pé àwọn iṣẹ́ tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú vhost, tó ń gbé dátà láàárín VM àti nẹ́tíwọ̀kì, ló ń jẹ CPU ní àjẹjù. Gbogbo pákẹ́ẹ̀tì (ìdì dátà kékeré) ló gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ sáfà fúnra rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ VM.

Káàdì tí mo mú wá ni Intel X520-DA2, tòkunbọ̀ tó ṣì lágbára. Ojú méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé 10 Gbps, ṣùgbọ́n SR-IOV ni mo tìtorí ẹ̀ yàn án. Ìlànà tí PCI-SIG, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà fún káàdì inú kọ̀ǹpútà, gbé jáde ní 2007 ni. Ó ń jẹ́ kí káàdì kan fara hàn bí ọ̀pọ̀: káàdì gidi ni PF, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ni VF, a sì lè fa VF kan lé VM lọ́wọ́ tààrà. Ó dà bí ilé tí wọ́n lu ilẹ̀kùn síta fún yàrá kọ̀ọ̀kan, tí ayálégbé kò ní gba pálọ̀ onílé kọjá mọ́.

“Ṣé wáyà kan náà ni gbogbo wọn á ṣì máa lò?” ni Alàgbà tó ni ibùdó náà bi mí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wáyà kan náà ni.”

Inú BIOS, ètò tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí a bá tan kọ̀ǹpútà, ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo tan VT-d (orúkọ tí Intel fún IOMMU tirẹ̀) àti SR-IOV. Mo fi `intel_iommu=on iommu=pt` sí GRUB, tó ń gbé Linux dìde, mo ṣe `update-grub`, mo sì tún sáfà tàn. IOMMU ni kì í jẹ́ kí VF tó wà lọ́wọ́ VM kan kọ nǹkan sínú mẹ́mórì ẹlòmíràn. Ẹ má fo ibẹ̀ o. Lẹ́yìn náà:

`echo 2 > /sys/class/net/enp3s0f0/device/sriov_numvfs`

`ip link set enp3s0f0 vf 0 mac 02:11:22:33:44:50 vlan 20`

Mo ṣe bákan náà fún vf 1. Inú káàdì ni VLAN 20 (àmì tó ń ya nẹ́tíwọ̀kì kan sọ́tọ̀) ti ń lẹ̀ mọ́ pákẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wọ inú VM kò lè yí i padà, káàdì á sì da èyí tó bá gbé MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì) èké wá nù. Fún ibi ìdánwò, ohun tó wù mí jù nìyẹn, ó ju eré sísá lọ.

Lórí Linux, ojú kan X520 lè bí VF 63, ṣùgbọ́n ìdánwò àti dátábéèsì nìkan ni mo fún. VM tó bá di VF mú kò ṣeé ṣí lọ sórí sáfà mìíràn nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ọ́fíìsì kò sì nílò irú eré bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì yòókù dúró sórí bridge, ọ̀nà àtijọ́ tó ń gba ọwọ́ sáfà.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Switch kékeré kan, tó ń darí pákẹ́ẹ̀tì sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, wà nínú káàdì náà, MAC ti PF àti ti àwọn VF nìkan ló sì mọ̀. Bí VM ìdánwò bá ránṣẹ́ sí VM fáìlì tó wà lórí bridge lára ojú kan náà, káàdì á rò pé ìta ni ẹni náà wà, á ju pákẹ́ẹ̀tì sórí wáyà, switch ìta kò sì ní dá a padà gba ibi tó ti wá. VM méjèèjì á máa bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀, wọn ò ní gbúròó ara wọn. Ẹ sọ MAC VM orí bridge fún káàdì:

`bridge fdb add 02:11:22:33:44:60 dev enp3s0f0`

Tí sáfà bá kú tó sì tún jí, gbogbo àṣẹ yìí ti lọ nìyẹn, iye VF á padà sí 0. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú service systemd kan (iṣẹ́ tí Linux ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ bó bá tàn) tó ń ṣiṣẹ́ ṣáájú `pve-guests.service`, tó ń tan àwọn VM, kí VF ti wà nílẹ̀ kí VM tó dìde.

A kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ fún ìdánrawò, a ní kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè jáde wéré, kò sì sí vhost ti VM ìdánwò nínú `top` mọ́. Ojú kejì káàdì náà ṣì ṣófo, Alàgbà sì ti ní kí n fà á lọ sí gbọ̀ngàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn.