Bíréèkì àti ẹsẹ̀ iwájú Hilux àtijọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Hilux tí mò ń sọ̀rọ̀ lé lórí níbí ni èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1988, tí Toyota ń ṣe títí di 1997: dísìkì níwájú (páàdì ló ń fún un), dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn (ṣúù ló wà nínú rẹ̀). Ó ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gbágùúdá wọ ìgboro. Ọkọ̀ gidi ni, ó yẹ lẹ́ni tí à ń tún ṣe. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó ni ín á ti ná owó tán lórí páàdì àti ṣọ́kì, ibi tí àìsàn wà gan-an, ẹnikẹ́ni ò ní yọjú síbẹ̀. Díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń bi mí jù nìyí.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti pààrọ̀ páàdì àti ṣúù, síbẹ̀ tí mo bá tẹ bíréèkì, pẹ́dà á wọlẹ̀ pátápátá. Tí mo bá tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á gbéra. Wọ́n ní máásítà sílíńdà, èyí tí pẹ́dà fi ń ti ọ́ìlì lọ sí bíréèkì, ló bàjẹ́. Ṣé kí n ra òmíràn?

Ìdáhùn: Ẹ fọwọ́ mú owó yín ná. Pẹ́dà tó bá gbéra nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra, ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ wà nínú páìpù, ó sì lè jẹ́ pé ṣúù ẹ̀yìn jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù. Ti ṣúù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ẹ ti òpó irin sábẹ́ rẹ̀ (ẹ má fọkàn tán jáàkì nìkan láé), kí ẹ fọwọ́ yí táyà. Tó bá ń yí fàlàlà láìfara kan ohunkóhun, ẹ yí irin eléyín kékeré tó wà láàárín ṣúù méjèèjì títí táyà ò fi ní lè yí mọ́, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi máa gbọ́ ọ tí ṣúù ń ha dúrọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ṣe ṣe ti ọ̀tún ni kí ẹ ṣe ti òsì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá fa afẹ́fẹ́ jáde lẹ́nu nípù, ìyẹn nọ́ọ̀tì kékeré tí a máa ń ṣí lẹ́yìn bíréèkì táyà kọ̀ọ̀kan. Ibi tó jìnnà sí máásítà jù la ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, ẹ̀yìn lósì, iwájú lọ́tùn-ún, kí a tó parí rẹ̀ síwájú lósì, lọ́dọ̀ dírẹ́bà. Ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì gbẹ nínú ike rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀ ni.

Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tán, ẹ tẹ pẹ́dà, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e láìgbé e kúrò. Tó bá ń rọra wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tí ọ́ìlì kankan ò sì jò síta tàbí sínú dúrọ́ọ̀mù, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó dá máásítà lẹ́bi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù. Asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ ṣúù àtijọ́, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi rẹ ẹ́ kí ẹ tó nù ún.

Ìbéèrè: Ẹ kú àárọ̀ o, ọmọ mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń kó wá sí Ìbàdàn. Páàdì iwájú kì í pẹ́ jẹ tán, ṣùgbọ́n ṣúù ẹ̀yìn ṣì dà bíi tuntun. Bí ẹrù bá ti pọ̀, ọkọ̀ náà kì í tètè dúró. Kò sí ohun tí wọn ò tíì pààrọ̀. Àní irin méjì ni wọ́n fi kún sípíríǹgì ẹ̀yìn kó má baà máa jókòó.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó. Irin méjì yẹn gan-an ló fa wàhálà.

Ẹ ní kí dírẹ́bà yín wo abẹ́ ọkọ̀ níwájú ààsù ẹ̀yìn. Á rí fáàfù kan tí wọ́n dè mọ́ ṣásí, àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so ó mọ́ ààsù. Gbogbo ọ́ìlì bíréèkì tó ń lọ sẹ́yìn, inú fáàfù yìí ló ń gbà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, bọ́dì á ga, ọ̀pá á dẹ̀, fáàfù á sì dín agbára tó ń lọ sẹ́yìn kù, kí táyà ẹ̀yìn má baà gan kí ọkọ̀ sì yọ̀. Tí ẹrù bá wọlé, bọ́dì á sọ̀kalẹ̀, ọ̀pá á ti fáàfù, agbára tó pọ̀ sí i á sì lọ sẹ́yìn. Fáàfù yìí ò mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lórí ọkọ̀ o. Gíga tí bọ́dì fi ga ju ààsù lọ nìkan ló ń wò. Irin tí wọ́n fi kún sípíríǹgì kò jẹ́ kí bọ́dì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Lójú fáàfù, òfìfo lẹ ń gbé kiri lójoojúmọ́. Bíréèkì iwájú ló wá ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe, òun ni páàdì fi ń jẹ tán.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ tèmi ni pé màá yọ irin àfikún yẹn, màá wá sípíríǹgì tó jẹ́ ti ọkọ̀ náà gan-an tí kò tíì rẹ̀, màá sì dín ẹrù kù. Mo mọ̀ pé èyí tó kẹ́yìn yẹn máa nira fún yín. Tí irin náà bá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti de ọ̀pá yẹn ṣeé yí, ṣùgbọ́n géèjì tó ń wọn agbára ọ́ìlì níwájú àti lẹ́yìn la fi ń ṣe é, a kì í fojú díwọ̀n rẹ̀. Kí wọ́n tún wo rọ́bà ẹnu fáàfù náà. Èyí tí mo bá máa ń ṣí, ẹrẹ̀ pupa ló máa ń gan mọ́ ọn, tí píìnì inú rẹ̀ ò ní lè lọ, kò ní lè bọ̀. Tí nípù bá wà lára fáàfù, kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí wọ́n sábà máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ẹnì kan á sọ fún yín pé kí ẹ yọ fáàfù dànù, kí ẹ so páìpù pọ̀ tààrà. Ẹ má gbà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ṣófo, tí òjò sì rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ máa fẹ́ wá síwájú.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ mi á fà sọ́wọ́ òsì. Tí mo bá sọ̀kalẹ̀, ríìmù òsì á gbóná débi tí mi ò ní lè fọwọ́ kàn án. Kálípà ni àbí kí ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, kálípà (irin tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì) lè jẹ́, ṣùgbọ́n má tíì rà á. Gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè nígbà tó bá ṣì ń fún, kí o dẹ nọ́ọ̀tì tó so páìpù irin mọ́ họ́ọ̀sì rọ́bà. Tí táyà bá tú sílẹ̀, òkè ló ti wá, ìyẹn lọ́wọ́ máásítà. Tí kò bá tú, dì í padà, kí o wá ṣí nípù kálípà. Tó bá wá tú báyìí, họ́ọ̀sì ló dí. Tí kò bá tú rárá, písítìn tàbí píìnì kálípà ti dípẹtà. Mo ti la irú họ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ sí méjì rí: ara rẹ̀ lóde ń dán, ihò inú rẹ̀ ò gbà ju abẹ́rẹ́ lọ. Agbára ẹsẹ̀ rẹ lè ti ọ́ìlì kọjá níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó máa tì í padà. Tọ̀tún tòsì ni kí o pààrọ̀ papọ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹsẹ̀ iwájú ń dún kò-kò-kò nínú kòtò, sítíárín sì ń gbọ̀n. Mo ra ṣọ́kì méjì, kò yí padà.

Ìdáhùn: Ṣọ́kì kì í sábà dún bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé ẹsẹ̀ iwájú), bùṣì (rọ́bà ìdí áàmù) àti táì-rọ́ọ̀dù (ọ̀pá tí sítíárín fi ń yí táyà) ni kí ẹ yẹ̀ wò, ibi tí ẹ bá sì gbé jáàkì sí ló máa sọ bóyá ẹ ó rí òótọ́. Ẹ wo áàmù (apá irin tó di ẹsẹ̀ mú) tí ọ̀pá tọ́ṣọ̀n, irin gígùn tó ń ṣiṣẹ́ sípíríǹgì níwájú, dè mọ́. Tó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, abẹ́ áàmù ìsàlẹ̀ ni kí jáàkì wà. Tó bá jẹ́ ti òkè, abẹ́ ṣásí ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, agbára ọ̀pá yẹn á fún jọ́ìntì tó ti jẹ pa, ẹ ó rò pé ó dára. Ẹ wá ti irin gígùn bọ abẹ́ táyà, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Tó bá ń mì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì. Tí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bẹ́ríǹ ni. Tí kò bá dáwọ́ dúró, jọ́ìntì ni. Tó bá jẹ́ lápá ọ̀tún àti òsì táyà ló ti ń mì, táì-rọ́ọ̀dù ni. Ẹ má gbé jọ́ìntì tó ti jẹ rìn dọ́la, nítorí tó bá já, táyà á ṣubú sábẹ́ ọkọ̀.

Tí ẹ bá fi bùṣì tuntun sí i, ẹ má di bóòtù rẹ̀ gan nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń rọ̀ lókè. Ẹ kàn fi ọwọ́ mú un, ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ mì ín sókè-sódò, kí ẹ tó wá fún un. Rọ́bà tí wọ́n dì nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀ á lọ́ pọ̀ gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, kò sì ní pẹ́ ya. Tí ẹ bá yọ ọ̀pá tọ́ṣọ̀n, ẹ sàmì sí i, torí ti ọ̀tún kì í ṣe ti òsì.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun sà. Mò ń gba Ẹ̀fọ̀n Aláayè sọ̀kalẹ̀ sí Ìwárajà pẹ̀lú ẹrù. Kí n tó dé ìsàlẹ̀, bíréèkì á ti rọ̀ bíi kànrìnkàn. Tó bá tutù, á padà bọ̀ sípò.

Ìdáhùn: Omi ti wọ ọ́ìlì yín. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun kì í hó títí yóò fi tó 205°C, ó kéré tán. Èyí tó ti fa omi lè hó ní 140°C, òkè bẹ́ẹ̀ yẹn sì lè mú kó gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fa ti àtijọ́ jáde pátá, ẹ rọ DOT 3 tàbí DOT 4 láti inú ìgò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Ẹ má rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, ó ń mú gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ wú. Gíà kejì ni kí ẹ fi sọ òkè náà kalẹ̀, kí ẹ sì ti kó sí i láti orí òkè.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n lọ ṣe alignment, kí wọ́n to táyà iwájú kó kọjú síbi tó yẹ?

Ìdáhùn: Lẹ́yìn tí jọ́ìntì, bùṣì, táì-rọ́ọ̀dù àti bẹ́ríǹ bá ti dára tán, tí gíga ọ̀tún àti òsì sì ti dọ́gba. Ẹ fẹ́ táyà méjèèjì dọ́gba kí ẹ tó lọ. Ẹ wo kọ́tà píìnì (irin kékeré tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú) orí gbogbo nọ́ọ̀tì pé tuntun ló wà níbẹ̀.