Bí A Ṣe Ń Fi Pówà Sítíárìn Iléeṣẹ́ Sínú Jíìpù Àtijọ́

Ẹni tó bá ti wa Land Rover Series III rí ní ọjà Wúsè ní Àbújá lọ́sàn-án gangan, tó ń wá àyè tí yóò gbé e sí, á mọ̀ pé apá èèyàn kì í ṣe igi. Iléeṣẹ́ Land Rover kò fi pówà sítíárìn, ìyẹn sítíárìn tí agbára ọ́ìlì ń bá awakọ̀ yí, sí Series kankan tí wọ́n tà fún aráàlú títí wọ́n fi dá a dúró lọ́dún 1985. Range Rover pàápàá jáde láìní in lọ́dún 1970. Ọdún 1973 ni ẹni tó bá fẹ́ ẹ tó lè sanwó kún un. Toyota FJ40 tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ò rí i títí di 1979. Bí tiyín bá le koko, ó lè má bàjẹ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí pọ́ńpù tí bẹ́líìtì ń yí, tí họ́ọ̀sì méjì lọ láti ibẹ̀ sí gíà sítíárìn (àpótí irin tó wà nídìí ọ̀pá sítíárìn, kì í ṣe gíà tí ẹ fi ń pààrọ̀ eré), ọkọ̀ yín ti ní in. Ẹ yẹ bẹ́líìtì àti ọ́ìlì wò kí ẹ tó náwó.

Bí kò bá sí, ẹ má tíì lọ ra nǹkan kan. Kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kó máa yí sítíárìn díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí ẹlòmíì wọ abẹ́ ọkọ̀, kó fọwọ́ di orí tai-rọ́ọ̀dù (ọ̀pá irin tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú) kọ̀ọ̀kan mú. Èyí tó bá ti jẹ, ọwọ́ á sọ fún un. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ná, torí pówà sítíárìn á kàn bo àìsàn yẹn mọ́lẹ̀ ni.

Ìgbà tí ẹ bá wá fẹ́ ra á, ara ọkọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ ti tú gbogbo rẹ̀: gíà, apá irin tó yọ nídìí rẹ̀, pọ́ńpù, irin tó gbé pọ́ńpù dúró, họ́ọ̀sì, agolo ọ́ìlì. Fún FJ40, ti Land Cruiser 60, tó jáde lọ́dún 1980, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Àpó, tàbí ní Panteka ní Kàdúná. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí ó wà o! Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún, nítorí náà tòkúńbọ̀ tó ti Japan tàbí Gẹ̀ẹ́sì dé, òdìkejì ni gíà rẹ̀ wà.

Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí apá irin náà ti pàdé gíà kí ẹ tó yọ ọ́. Púlà, irinṣẹ́ tó ń fa irin yọ, ni kí ẹ fi yọ ọ́. Òòlù a máa ba bẹ́árìn inú jẹ́.

Ṣásì, egungun irin abẹ́ ọkọ̀, ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibi tí gíà yóò jókòó, ẹ fi kẹrosíìnì nu ún, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Sísán tó tín-ín-rín bí irun ni ẹ ń wá. Kí ajórin tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ okùn bátìrì. Ó gbọ́dọ̀ jó irin pẹlẹbẹ nínípọn mọ́ ọn, kó sì fi páìpù sínú ṣásì níbi tí bóòtù ti kọjá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti ń fún bóòtù, ṣásì á máa wó sínú.

Ẹ fọwọ́ yí gíà dé òpin, ẹ ka iye ìgbà tó yí dé òpin kejì, kí ẹ dá a padà sí ìdajì. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú dúró gbọọrọ kí ẹ tó so apá irin mọ́ ọn. Èmi àti mẹkáníìkì mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kánjú níbí. Apá gíà tuntun kọjú síwájú, ti àtijọ́ kọjú sẹ́yìn. A di gbogbo bóòtù pinpin, mo yí sítíárìn sọ́tùn-ún, táyà ṣẹ́rí sósì. Ẹ̀rín ni tiẹ̀, èmi ń ro owó ajórin. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ yí sítíárìn wò kí ẹ tó di bóòtù.

Bí ẹ bá ti so pọ́ńpù, họ́ọ̀sì àti agolo ọ́ìlì pọ̀, kí ẹsẹ̀ iwájú ṣì wà lókè, ẹ da ATF pupa (ọ́ìlì gíà ọtomátíìkì) sínú agolo ọ́ìlì ti Toyota. Ẹ nu ọmọrí rẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, eruku ọyẹ́ ò mọ àlejò. Láìtan ẹ́ńjìnnì, ẹ yí sítíárìn láti òpin dé òpin títí ọ́ìlì ò fi ní wálẹ̀ mọ́, ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún yí i jẹ́jẹ́. Ẹ má dá a dúró lópin ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ. Bí ọ́ìlì bá ń hó fòòfòò, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kó sinmi.

Orí pápá ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wà á, kì í ṣe títì Kubwa. Bí ẹ bá lọ sí Gwágwáládà, tí ẹ padà dé, ẹ tún ki sípánà bọ gbogbo bóòtù ṣásì.