Bí mo ṣe gba ohùn dùndún sílẹ̀, ìlù kan lẹ́yìn èkejì

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní orin fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ìlù kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ọ̀wọ́ ìlù dùndún. Mo bá lọ bá àwọn ọmọ Àyàn kan ní Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi fóònù gba ohùn ìlù wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Gúdúgúdú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló ní, ọrùn ni wọ́n ń fi í kọ́, bílálà awọ méjì ni wọ́n sì fi ń lù ú. Bàbá tó ni ín fi àtàǹpàkò tẹ ìda tó wà láàárín awọ rẹ̀, ó lù ú, ó tún tẹ̀ ẹ́, títí ohùn méjèèjì fi yàtọ̀ gedegbe: bí bílálà bá bà lé ìda, ohùn á wálẹ̀, bó bá bà létí awọ, á ròkè. Ó lù ú lọ bẹ́ẹ̀ láì yára, láì falẹ̀. Ó wú mi lórí gan-an.

Ìlù méjì tó ń jẹ́ ìṣaájú àti ìkẹ́yìn kò gbà wá lásìkò. Wọ́n ti fún ọ̀sán wọn, ìyẹn okùn awọ ara ìlù, ní ìbàdí kí ohùn wọn má baà yẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n sì ń lù lálùtúnlù.

Ọ̀dọ̀ kẹríkẹrì ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Ìlù ńlá ni, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, ìyáàlù, ìlù àgbà tó ń sọ̀rọ̀, ló sì máa ń dá lóhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé e kọ́ lu díẹ̀, ó dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ta ni kí n dá lóhùn báyìí?" Òótọ́ ló sọ. Mo ní kí gbogbo wọn jọ lu ìlù wọn pa pọ̀ ná, mo gbà á sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo ń fi í sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n máa bá a lù.

Ìyáàlù ló kẹ́yìn. Mo gbé fóònù jìnnà sí i díẹ̀ kí ṣaworo má baà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá tó ń lù ú fi ọwọ́ òsì fún ọ̀sán, ó fi kọ̀ǹgọ́ kí mi, ó ki mí, inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé iṣẹ́.

Nígbà tí mo tò wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, mo yọ ìyáàlù kúrò: ijó ṣì wà níbẹ̀. Mo dá a padà, mo yọ gúdúgúdú: ọ̀rọ̀ ń lọ ketekete, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò mọ ibi tó máa bà sí mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fi àtẹ́wọ́ gúdúgúdú bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀sán rárá.