Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàrin Àwọn Tí Ń Tukọ̀ Gba Lava Falls

Lava Falls wà lára ibi tí odò Colorado ti le jù lọ nínú àfonífojì Grand Canyon, ní aṣálẹ̀ Arizona. Ó tó máìlì 179 sí Lees Ferry tí àwọn ọkọ̀ rọ́bà ti ń gbéra. Òkúta tí ọ̀gbàrá kó jáde láti àfonífojì Prospect ni ó há odò náà mọ́, tí omi fi ń ru sókè níbẹ̀. Nígbà tí John Wesley Powell, olùṣàwárí ará Amẹ́ríkà, àti àwọn èèyàn rẹ̀ débẹ̀ ní 1869, ńṣe ni wọ́n gbé ọkọ̀ wọn gba orí òkúta kọjá.

Lójú tèmi, àṣìṣe tí ó burú jù kì í ṣẹlẹ̀ nínú omi ríru náà. Òkè rẹ̀, níbi tí omi ti pa rọ́rọ́, ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn kan a dúró lórí àpáta dúdú, wọ́n a wo omi fìrí, wọ́n a ní àwọn ti rí ọ̀nà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti òkè, ìgbì tí ó lè dojú ọkọ̀ dé máa ń kéré lójú. Bí ẹ bá sì ti padà sínú ọkọ̀, ẹ kò ní rí ju etí ibi tí omi ti já wálẹ̀, àti omi tí ń ta sókè lẹ́yìn rẹ̀. Àárín gan-an, níbi tí omi ti jọ̀lọ̀ tí ó ń wu ojú, ni kòtò omi tí wọ́n ń pè ní Ledge Hole wà: omi ń já láti orí òkúta, ó ń yí padà sórí ara rẹ̀, ó sì lè di ọkọ̀ mú. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ ibẹ̀ fi ń wá ìlà ìfóòfó tí ń ṣàn lọ sí apá ọ̀tún kòtò náà, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé e.

Ẹ má ṣe gba ọ̀nà tí ẹlòmíràn gbà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá láìwò ó. Ìsédò Glen Canyon, tí ó wà lókè odò náà, ni ó ń pinnu bí omi yóò ṣe pọ̀ tó, bí iná mànàmáná tí wọ́n nílò bá sì ṣe pọ̀ sí tàbí dín kù ni omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ ń yí padà. Ọ̀nà apá òsì lè ṣí sílẹ̀ nígbà tí omi bá kún, kí òkúta sì dí i nígbà tí omi bá fà.

Ẹ má ṣe dá àjẹ̀ dúró nítorí ẹ̀rù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjú sí ìgbì. Ìgbì ńlá àkọ́kọ́ kọ́ ni òpin. Àpáta dúdú tí wọ́n ń pè ní Cheese Grater ṣì wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

Oòrùn aṣálẹ̀ tún ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n a tú okùn ẹ̀wù tí í múni léfòó nítorí ooru, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Powell, tí ó wà lẹ́yìn ìsédò náà, ni omi náà ti ń wá, ó sì tutù débi pé ó lè gba èémí lẹ́nu ẹni. Bí ẹ bá ṣubú sómi, ẹ má ṣe dúró sáàárín ọkọ̀ àti òkúta. Ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ẹsẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì mí nígbà tí ẹ bá wà láàárín ìgbì méjì, kì í ṣe lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ so ara rẹ̀ mọ́ ọkọ̀.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá kọjá kò gbọ́dọ̀ máa yọ̀ kí ó sì máa lọ. Kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ó mú okùn dání de àwọn tó kù, nítorí Lower Lava, ibòmíràn tí omi ti ń ru, wà nísàlẹ̀ tààrà, ẹni tí omi bá sì ti gbé kì í tètè rí àyè sinmi kí ó tó débẹ̀.