Bí ọwọ́ géèjì epo ìjàpá Bàbá mi ṣe jí padà

Ọjọ́ pẹ́ tí ọwọ́ géèjì epo Volkswagen ìjàpá Bàbá mi ti sùn sórí òdo. Igi la fi ń wọn epo, títí ọkọ̀ fi dákú mọ́ wa lọ́wọ́ láàárín Kàbbà sí Ìyàrà. Mẹkáníìkì ní kí n ra géèjì tuntun. Mo ní kò tíì yá.

Iwájú ni táńkì ìjàpá wà, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mi ò ní láti rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́, mi ò sítáàtì. Mo yọ wáyà orí fúlótà (ohun tó ń léfòó nínú táńkì, tó ń sọ iye epo fún géèjì), mo fi wáyà náà kan irin ara ọkọ̀, jìnnà sí ẹnu táńkì. Àbúrò mi tó ń wo dáṣíbọ́ọ̀dù pariwo: “Ẹ̀gbọ́n, ó ti gòkè!” Ó gòkè dé ibi kíkún. (Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ o.) Géèjì kò bàjẹ́ nìyẹn.

Mo dá wáyà padà, mo wá fi òmíràn so ara fúlótà mọ́ ara ọkọ̀. Ọwọ́ dúró sí ìdajì, bí igi ṣe wí gan-an. Earth, ìyẹn ọ̀nà tí iná fúlótà ń gbà padà sí ara ọkọ̀, ló sọnù! Ìpẹtà pupa ti bo ojú ibi tí skúrù ti ń kan irin. Mo tú bátìrì, mo fi sáńpépà ha á títí irin fi ń dán. Owó sáńpépà nìkan ni mo ná.