Bí a ṣe ń fún awó lóògùn aràn tí oògùn náà fi ń ṣiṣẹ́

Awó tó ń jẹ̀ nílẹ̀ kò lè ṣe kó má láràn. Àparò inú kéèjì onírin kì í sábàá ní ìyọnu yìí, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan imí ara rẹ̀. Awó ló ń tú ilẹ̀, tó ń ṣa ekòló, ìgbín wẹ́wẹ́ àti oríṣiríṣi kòkòrò jẹ, ara àwọn nǹkan wọ̀nyí sì ni púpọ̀ nínú àwọn aràn ń gùn wọlé.

Èyí tó ń gbẹ̀mí wọn jù ni aràn pupa inú gògóńgò. Akọ àti abo rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n á fi rí bíi lẹ́tà Y. Ẹyẹ tó bá ní in á na ọrùn, á la ẹnu, á máa mi orí bí ẹni tí egungun há sí lọ́fun. Àwọn èèyàn á ní ọ̀fìnkìn ni, wọ́n á lọ ra oògùn ọ̀fìnkìn, àwọn ọmọ awó á sì máa kú lọ. Aràn gbọọrọ funfun inú ìfun ń sọ wọ́n di jẹkújẹ tí kì í sanra. Aràn pẹlẹbẹ náà ń bẹ. Ìkẹrin jẹ́ wẹ́wẹ́ funfun, apá ìsàlẹ̀ ìfun ló ń gbé, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe awó ní nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń gbé àìsàn kan tó ń ba ẹ̀dọ̀ tólótóló jẹ́. Ẹ má kó awó àti tólótóló sínú ọgbà kan náà.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ rí i dájú. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ fi sísọ́ọ̀sì la gògóńgò rẹ̀ gbọọrọ. Bí aràn pupa bá wà níbẹ̀, ojú á rí i. Bí kò bá sí òkú, ẹ ṣa imí tútù láti ibi mẹ́fà méje láàárọ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko lọ́jọ́ náà. Ti Yunifásítì Ìbàdàn wà, ti FUNAAB, yunifásítì ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, náà wà. Imí tó ti sùn nínú oòrùn kò wúlò fún wọn.

Ní ti oògùn, levamisole oníyẹ̀fun ni mo fara mọ́, torí ó ń ṣiṣẹ́ lórí aràn ọ̀fun, aràn gbọọrọ àti wẹ́wẹ́ yẹn. Piperazine ò wọ́n, àmọ́ aràn gbọọrọ nìkan ló mọ̀ ọ́n lé. Ẹni tó bá fi tọ́jú aràn ọ̀fun fowó ṣòfò ni. Albendazole olómi dára, ṣùgbọ́n ó máa ń rì sí ìdí omi, torí náà ẹnu ẹyẹ ni kẹ́ ẹ fi sí. Aràn pẹlẹbẹ kò gbọ́ ti levamisole rárá, praziquantel ló ń lé e. Dóńgóyárò àti ewúro táwọn àgbà ń lò, ẹ fi wọ́n sómi bó bá wù yín, àmọ́ ẹ má gbójú lé wọn nígbà tí ẹyẹ bá ti ń la ẹnu.

Ibi tí mo ti ń rí i tí iṣẹ́ ń bàjẹ́ ni ìwọ̀n àti omi. Ẹni tó ń ta oògùn á ní, "Ẹ bu ṣíbí kan sí garawa kan." Ṣíbí ta ni? Garawa èwo? Àádọ́ta awó àbí igba? Oògùn tí kò tó kì í pa aràn, ńṣe ló ń kọ́ ọ bó ṣe máa fara dà á, tí èyí tó tó gan-an kò fi ní ràn án mọ́ lọ́jọ́ iwájú. Èyí tó pọ̀ jù sì lè pa ẹyẹ.

Ẹ wọn ẹyẹ. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì kó bíi mẹ́wàá lálẹ́, ńlá àti kékeré, ẹ ki wọ́n sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ so ó mọ́ òṣùwọ̀n àgbékọ́. Ara àti ìyẹ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ dì mú pọ̀. Ẹsẹ̀ awó kì í ṣe ti adìyẹ. Bẹ́ ẹ bá fi ẹsẹ̀ gbé e, ó lè kán. Levamisole, mílígíráàmù 25 ni mo ń lò fún kílò kọ̀ọ̀kan, àfi bí ìwé ara oògùn bá sọ tirẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e nígbà náà. Awó 50 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kílò 1.2 á jẹ́ kílò 60. Ẹ fi 25 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di mílígíráàmù 1,500, ìyẹn gíráàmù kan ààbọ̀ ojúlówó oògùn. Ọ̀rọ̀ ò tíì parí o. Bí wọ́n bá kọ 10% sára páálí, ìyẹn ni pé gíráàmù kan ojúlówó oògùn ló wà nínú gíráàmù 10 ìyẹ̀fun, gíráàmù 15 ìyẹ̀fun lẹ máa bù. Bó bá jẹ́ 20%, 7.5. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fún ẹyẹ ní ìlọ́po méjì. Òṣùwọ̀n kékeré táwọn oníwúrà ń lò kò wọ́n, ẹ rà á, kẹ́ ẹ sinmi ṣíbí.

Omi ló kù. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ wọn iye tí wọ́n mu láti ìdájí di aago mẹ́wàá. Mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin iye yẹn lẹ máa po oògùn sí lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n lè mu ún tán. Ẹ kọ́kọ́ pò ó nínú kọ́ọ̀bù omi kan kí ó yọ́, kẹ́ ẹ tó da á sí ìyókù. Ó korò, awó sì máa ń fura. Nítorí náà, ike tí wọ́n mọ̀ lẹ máa lò, ẹ má fi bàsíà tuntun dán wọn wò. Kí ike pọ̀, kí àwọn ojo inú wọn lè rí mu. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lọ́jọ́ tó ṣáájú oògùn, ẹ gbé omi kúrò, ẹ má fún wọn ní ẹ̀fọ́ tàbí ìbẹ́pẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ sì há wọn mọ́lé ní ìdájí ọjọ́ oògùn. Bẹ́ ẹ bá tú wọn síta, gọ́tà, ìrì orí koríko àti àwo omi ajá ni wọ́n máa lọ bá. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ ní òru. Bí oògùn bá ṣì kù ní ọ̀sán, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ gbé omi tútù fún wọn. Oòrùn àti òùngbẹ lè pa wọ́n kí aràn tó pa wọ́n.

Àwọn tó ti ń la ẹnu kò ní mu omi tó. Ẹ po gíráàmù kan ìyẹ̀fun 10% sí mílílítà 10 omi. Mílílítà mẹ́ta ló tó awó oníkílò 1.2. Ẹ fi sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ kán an sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu díẹ̀díẹ̀. Ihò kan wà lẹ́yìn ahọ́n, ibẹ̀ ni èémí ń gbà. Bí omi bá wọ ibẹ̀, ó parí. Ẹ má fún ẹyẹ náà lọ́rùn, ẹ sì fi í sí ibòji lẹ́yìn rẹ̀, torí òkú aràn lè dí ọ̀nà èémí rẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Oògùn kì í pa ẹyin aràn tó wà nílẹ̀.

Oṣù kejì sí ìkẹta ọdún ni mo ń ṣe tèmi, kí òjò tó dé tí ekòló fi máa jáde, kí awó sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Mo tún ń ṣe é bí òjò bá ti lọ. Ẹni tó bá ṣe é nígbà tí wọ́n ń yé, kó má jẹ ẹyin náà, kó má sì tà á, títí ọjọ́ tí páálí oògùn dá á fi pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran.

Lẹ́yìn oògùn, ẹ fi wọ́n sórí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ fún ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ gbá ohun tí wọ́n yà, kẹ́ ẹ sun ún. Aràn ọ̀fun lè sá pamọ́ sínú ekòló fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí náà ọgbà méjì tẹ́ ẹ ń lò ní ìpààrọ̀ dára ju ọgbà ńlá kan lọ. Awó tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn wá láti òkè Ọya, ọ̀sẹ̀ méjì ni kó dá wà kó tó dara pọ̀ mọ́ ti ilé, oògùn ni kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fún un.