Ìjókòó kan ṣoṣo ló dá mi dúró ní Aṣéjìrẹ́: bí a ṣe kó oúnjẹ láti Òṣogbo dé Ìbàdàn nígbà kòrónà

₦21,000 ni mo san lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kì í ṣe tèmi. Ọdún 2020 ló ṣẹlẹ̀, mi ò sì tíì gbàgbé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí ọkọ̀ ṣe ń rìn nígbà kòrónà, owó yìí ni ẹnu mi máa ń kọ́kọ́ lé, kí n tó wá rántí pé a ṣe nǹkan gidi lásìkò náà.

Bọ́ọ̀sì Hiace elérò mẹ́rìnlá ni mò ń wà láti Òṣogbo sí Ìbàdàn. Èmi ni mo ni ín, àmọ́ gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde ní ìparí oṣù kejì pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ Èkó la pè é ní gáréèjì. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù kẹta, iléeṣẹ́ rélùwéè dá gbogbo ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé èrò dúró. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn ni Gómìnà Oyètọ́lá ti Ọ̀ṣun pa, ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Ní Ìbàdàn, Gómìnà Mákindé kò ti ìlú pa pátápátá ní tirẹ̀, kónílé-ó-gbélé láti aago méje alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀ ló ṣe. Ìlú méjì tí nǹkan bíi 90 kìlómítà péré wà láàárín wọn, tí ìlú kan wà nílé tọ̀sán-tòru, tí ìkejì ń ná ọjà lọ́sàn-án. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ fi tirẹ̀ lé e: kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, àfi ọkọ̀ tó bá kó oúnjẹ, oògùn, epo àti irú wọn.

Epo bẹntiróòlù tiẹ̀ wálẹ̀ lákòókò náà, wọ́n dín in láti náírà 145 sí 125 lóṣù kẹta. Kí ni èrè rẹ̀ fún mi? Ọkọ̀ mi wà lábẹ́ igi máńgòrò ní Òkè-Baálẹ̀, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Ajé.

Màmá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ìgbọ̀nà ló sọ ọ̀rọ̀ náà sí mi lọ́kàn. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, “Dẹ́rẹ́bà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń wọlé láti oko lójoojúmọ́, àwọn oníbàárà mi n’Ìbàdàn ò jẹ́ n sinmi, mi ò rí ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì yẹn ò lè kó o ni?”

Mo ní, “Màmá, èrò ló máa ń gbé.”

Ó ní, “Èrò dà?”

Ó pa mí lẹ́nu mọ́. Ní ọjọ́ kejì mo gbé ọkọ̀ lọ bá wẹ́dà. Bó ṣe tú ìjókòó kò gba àlàyé: bóòtù jáde, ìjókòó jáde, a tẹ́ tàpólì sílẹ̀, ó tán. Ìlà ìjókòó mẹ́ta ló yọ. Èyí tó wà lẹ́yìn mi gan-an ni mo ní kó fi sílẹ̀, kí àwọn ọmọ méjì tó máa bá mi já ẹrù lè rí ibi jókòó, nítorí wọ́n ní iwájú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju èmi àti ẹnì kan lọ. Ìjókòó yẹn ló padà kó bá mi.

Ìwé àṣẹ tí ọkọ̀ oúnjẹ fi ń kọjá kò pẹ́ rárá. Alága gáréèjì wa tẹ̀ lé mi lọ, a kọ orúkọ, a kọ nọ́ńbà ọkọ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Mo rà ìbòmú ańkárá mẹ́fà ní Ọjà Ọba, a gbé omi àti ọṣẹ sínú ọkọ̀. Mo rò pé mo ti ṣe gbogbo nǹkan tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, la gbéra pẹ̀lú ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ 60 àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa mẹ́jọ. Akódà, Gbọ̀ngán, Ìkirè, ọ̀nà dá páropáro. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé àwọn tó ń ta dòdò Ìkirè kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dúró tán kí wọ́n tó ti ọwọ́ bọ ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin méjì péré ni mo rí pẹ̀lú igbá lórí. Aago mẹ́wàá kò tíì lù tí a fi dé ibi tí wọ́n ti dínà nítòsí afárá Aṣéjìrẹ́, ní ààlà Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́.

Mi ò ní sọ aṣọ tí àwọn tó dá wa dúró wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn yọjú wo inú ọkọ̀, kò wo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìjókòó ló ń wò.

“Kí ni èyí ń ṣe níbí?”

“Ọ̀gá, àwọn ọmọ tó ń bá mi já ẹrù ló jókòó sí i.”

“Ọkọ̀ èrò nìyí. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo èrò mọ́lẹ̀ ni.”

Ó ní ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀, mi ò ní purọ́. Àwọn kan ń ṣe é káàkiri Nàìjíríà lákòókò náà, wọ́n á to èèyàn sáàárín ẹrù, wọ́n á da tàpólì bò wọ́n, wọ́n á sì gba ìlọ́po owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi irú rẹ̀ lọ̀ mí, mo kọ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé ìyà ohun tí mo kọ̀ láti ṣe ni mo ń jẹ.

A já gbogbo ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sílẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú oòrùn. Wọ́n rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. A tún un kó padà. Mo rò pé ó parí. Ọ̀gá wọn wá mú ìwé mi, ó yí i síwá-sẹ́yìn, ó ní “oúnjẹ” nìkan ni wọ́n kọ sí i, wọn ò kọ irú oúnjẹ, wọn ò kọ iye rẹ̀, àti pé Òṣogbo ni wọ́n ti lu òǹtẹ̀ náà. Ó ní, “Ìwé Òṣogbo nìyí, ibi tí ẹ̀ ń lọ kì í ṣe Òṣogbo.” Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà. Ọkùnrin kan tí kì í ṣe ara wọn súnmọ́ mi, ó ní kí n wá ₦10,000. Mi ò ní in, ká ní mo sì ní in, mi ò mọ ẹni tí yóò tún dá mi dúró níwájú.

Lóṣù kẹrin, àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá fẹnu kò pé kí gbogbo èèyàn máa lo ìbòmú níta. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìbòmú tí mo rà ní Ọjà Ọba wúlò ní Òṣogbo, ó wúlò ní Aṣéjìrẹ́, ó wúlò ní Ìbàdàn. Ìwé tí mo gbà ni kò wúlò kọjá odò. Ṣé àwọn tó lè fẹnu kò lórí aṣọ tí a ń so mọ́ etí kò wá lè fẹnu kò lórí òǹtẹ̀ kan ṣoṣo fún ọkọ̀ oúnjẹ ni? Mo bi alága wa léèrè yìí lórí fóònù, kò fèsì.

Nígbà tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, a ní láti yí padà, torí aago mẹ́jọ ni kónílé-ó-gbélé ìjọba àpapọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. A sun inú ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilé epo kan ní Ìkirè. Ní Ọjọ́rú mo fi àwọn ọmọ ti ẹrù, mo wọ kòròpe padà sí Òṣogbo láti lọ gba ìwé mìíràn. Ẹni tó máa fọwọ́ sí i kò sí níjokòó. “Ẹ padà wá lọ́la.” Ní Ọjọ́bọ̀ mo dúró láti aago mẹ́jọ títí di aago kan ọ̀sán kí wọ́n tó kọ “ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdì 60, epo pupa, kẹ́ẹ̀gì 8” sórí ìlà kan tí kò gba ìṣẹ́jú kan láti kọ.

Nígbà tí mo padà dé Ìkirè tí mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ooru inú rẹ̀ kọlù mí lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò lórí iná. Àwọn ìdì tó wà nísàlẹ̀ ti ń pọ́n. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, ó wọlé, omi rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Eṣinṣin wẹ́wẹ́ ti kún ojú fèrèsé. Mo jókòó sórí ìjókòó ọ̀hún, mo fi ọwọ́ gbá orí mú.

Ibẹ̀ ni mo ti pe alága padà. Mo ní, “Alága, bí ọkọ̀ wa ò bá lè kọjá, ṣé ẹrù náà ò lè kọjá? Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Ìbàdàn wá pàdé wa lódò.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n fún òun ní wákàtí kan. Òun àti alága gáréèjì tí a máa ń já èrò sí ní Ìbàdàn ti bára wọn jà rí lórí ọ̀rọ̀ títò ọkọ̀, ó tó ọdún méjì tí wọn kò kí ara wọn. Ó pè é lálẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bára wọn sọ. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ méjì ti dúró ní òdìkejì.

A fi bárò ti ẹrù kọjá níṣojú àwọn tó ń ṣọ́nà. Ọkọ̀ Òṣogbo kò kọjá, ọkọ̀ Ìbàdàn kò kọjá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo nìkan ló kọjá. Wọ́n wò wá, wọn ò rí ohun tí wọ́n máa sọ. Ìdì 35 ló dé Bódìjà láìbàjẹ́. Àwọn 25 tó kù, mo tà wọ́n fún àwọn tó ń dín dòdò Ìkirè, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n rà ni wọ́n ń lò. ₦4,000 ni wọ́n san lórí ohun tó yẹ kó mú ₦25,000 wọlé. Èmi ni mo gbé ọkọ̀, nítorí náà mo sọ fún màmá pé ọrùn mi ni ìyókù wà.

Láti ọjọ́ yẹn ni gáréèjì méjèèjì ti fẹnu kò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́ Ẹtì ni a ń pàdé. Wọ́n ń kó ìrẹsì, oògùn àti ọṣẹ wá, a ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, epo pupa àti gààrí lọ. Owó ẹrù, a pín in sí mẹ́ta: ìdá méjì fún àwa nítorí apá tiwa ló jìn jù, ìdá kan fún wọn. Èmi ni mo ń mú ìwé: nọ́ńbà ọkọ̀, irú ẹrù, iye rẹ̀, fóònù ẹni tó fi ránṣẹ́, fóònù ẹni tó máa gbà á. Awakọ̀ méjèèjì á fọwọ́ sí i, a ó ya fọ́tò rẹ̀, a ó fi ránṣẹ́ sí alága méjèèjì lórí WhatsApp. Àpò kan ṣoṣo kò sọnù. Ó yá mi lórí o, mo lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀ níbikíbi: àwa awakọ̀ tí wọ́n ń pè ní oníjàgídíjàgan ni a fi ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé ṣe ohun tí òǹtẹ̀ méjì kò lè ṣe.

Ká ní mo mọ̀, mi ò ní fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ẹrù àkọ́kọ́. Gààrí ni mo máa kó, gààrí lè sun ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo máa yọ gbogbo ìjókòó, kí àwọn ọmọ jókòó lórí àpò. Mo máa pe ẹni tó wà ní ìlú kejì kí n tó wá òǹtẹ̀ kankan, torí òun ló mọ ohun tí àwọn tó ń ṣọ́nà lápá tirẹ̀ ń béèrè. Bí ẹ bá sì bá ẹnì kan jà ní gáréèjì kejì, ẹ tètè lọ parí rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù keje ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ọ̀nà láàárín àwọn ìpínlẹ̀. Mo dá ìjókòó padà, mo so kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn méjì lórí ìjókòó ẹni mẹ́ta. Oṣù yẹn gan-an ni epo gòkè sí nǹkan bíi náírà 143. Ẹ wò ó, ìgbà tí a jókòó sílé ló dínwó, ìgbà tí a bọ́ sọ́nà pẹ̀lú èrò díẹ̀ ló gbówó lórí! Àwọn èrò ń bú mi pé owó ọkọ̀ ti pọ̀ jù, mi ò sì lè bínú sí wọn.

Oṣù kẹsàn-án ni mo mú ₦3,000 tó kẹ́yìn lọ fún màmá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ní Ìgbọ̀nà. Ó kà á, ó ká a sínú ìró rẹ̀, ó gé ẹ̀ya ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún mi láti inú ìdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Dẹ́rẹ́bà, ìdì ogún wà nílẹ̀ fún Ọjọ́ Ẹtì. Ṣé wọ́n máa ráyè níbi bùtù?”

Mo ní, “Màmá, kí wọ́n máà tíì gbó jù.”